Áńpílì kíláàsì D kékeré: ẹ ka fóòtì àti óòmù kí ẹ tó ka wáàtì

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti gbogbo àárín wọn, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá wọ ọjà Wàńdò lónìí, tàbí ẹ sọ̀kalẹ̀ dé Tọ́kpá ní Kútọnu, ẹ máa rí àwọn bọ́ọ̀dù áńpílì (ohun tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá) kíláàsì D kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á ti kọ 100W, 200W, kódà 300W sí i, ẹni tó ń tà á á sì ní kiní yìí nìkan lè gbé òde ìkómọ. Kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi bọ́ọ̀dù wọ̀nyí ṣe báfù (àpótí sípíkà) fún ẹbí, fún ilé kéwú, fún àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú títì, ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ́ ló ń dún. Fóòtì tí ẹ bá fún un (V, bí iná ṣe ń tì tó) àti óòmù sípíkà tí ẹ bá so mọ́ ọn (bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) ló ń dún. Ẹni tó bá ti mọ méjèèjì ti mọ ohun tó máa gbọ́ kó tó náwó rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Áńpílì àtijọ́, èyí tí rádíátọ̀ rẹ̀ (irin tó ń tú ooru) máa ń tóbi bíi bíríkì yẹn, ńṣe ni tiransísítọ̀ inú rẹ̀ (ohun tó ń ṣí iná tó sì ń tì í) máa ń dúró ní àárín méjì, kò ṣí tán, kò sì tì tán, bíi ẹnu ẹ̀rọ omi tí èèyàn dì mú kí omi má bàa ya jù. Ibi tó ti ń dì í mú yẹn ni iná ti ń di ooru. Kíláàsì D kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń ṣí pátápátá, ó sì máa ń tì pátápátá. Lára TPA3116D2, ṣípù (ohun kékeré dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ náà lórí bọ́ọ̀dù) tí Texas Instruments ṣe, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tó ń kọ́ ọ fúnra wa, ó ń ṣí ó ń tì láàárín ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 sí mílíọ̀nù 1.2 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí orin bá lọ sókè, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i ní ṣíṣí, bí orin bá lọ sílẹ̀ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i ní títì, kọ́ìlì (wáyà tí a ká) àti kọ̀ńdáńsátọ̀ (ohun tó ń kó iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa wá sọ ṣíṣí-títì yẹn di ohùn tó tẹ́jú kó tó dé sípíkà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí kọ́ìlì mẹ́rin lára bọ́ọ̀dù tó bá ní ọ̀nà méjì. Nínú 100 wáàtì tó bá wọlé, bíi 90 ló máa ń jáde lọ sí sípíkà tí ẹ bá ń lò ó dé ibi tó lágbára, ìwọ̀nba ló ń di ooru.

Lẹ́tà D yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dígítà o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. A, B àti C ti wà ṣáájú, D ló kàn. Kì í ṣe nǹkan tuntun náà, ní 1964 ni Sinclair ti ta ọ̀kan tí èèyàn máa tò fúnra rẹ̀ ní Ìlú Ọba, X-10 ló pè é, ṣùgbọ́n tiransísítọ̀ ìgbà yẹn kò yára tó, kiní náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ má kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀dù

Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀dù ló máa ń wu èèyàn rà torí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù. Ẹ wá sípíkà yín ná. Àwọn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ nílẹ̀ wa torí ọkọ̀ àlòkù tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé, wọ́n dára púpọ̀, óòmù 4 sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Tí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ fi mítà iná wọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e sí óòmù: tó bá sọ nǹkan bíi 3.2 sí 3.7, óòmù 4 nìyẹn, tó bá sọ 6 sí 7, óòmù 8 nìyẹn. Tí mítà ò bá sọ nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ìka méjèèjì rọra ti bébà iwájú rẹ̀ wọlé bákan náà ní ọ̀tún àti òsì, tó bá ń ha gáràgàrà nínú, kọ́ìlì ti wọ́, ẹ má rà á.

Nǹkan mìíràn tó wà lára sípíkà tí àwọn èèyàn ò kì í wò ni iye dB tí wọ́n kọ sí i, ìyẹn bó ṣe máa ké tó tí ẹ bá fún un ní wáàtì 1 tí ẹ sì dúró ní mítà kan síwájú rẹ̀. Sípíkà tó ń ké 92 dB pẹ̀lú wáàtì 1, èyí tó ń ké 86 máa fẹ́ wáàtì 4 kó tó bá a dọ́gba. Ẹ gbọ́ o, ìlọ́po mẹ́rin! Torí náà ẹni tó bá ní wáàtì 15 pẹ̀lú sípíkà tó ń ké dáadáa máa borí ẹni tó ní 50 pẹ̀lú sípíkà tó lọ́ra. Ibi tí mo máa ń ná owó sí jù nìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó rà

Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Kétu mú bọ́ọ̀dù kan wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, 100W ni wọ́n kọ síbí." Mo ní, "Bátìrì wo lo fẹ́ fi gbé e?" Ó ní ti ọ̀kadà, fóòtì 12. Mo ní kó mú bébà wá, a sì jọ ṣe é báyìí.

Ẹ mú fóòtì tí ẹ ní, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. 12 × 12 jẹ́ 144. Ẹ wá mú óòmù sípíkà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 4 di 8. Ẹ fi 8 pín 144, ó di 18. Wáàtì 18 fún sípíkà kan, kò ní kọjá ibẹ̀ láéláé kí ohùn tó máa ya, tí a bá sì yọ ohun tó ń sọnù lọ́nà kúrò, ẹ kà á sí 15. Bọ́ọ̀dù ìbáà jẹ́ 100W ìbáà jẹ́ 1000W. Tó bá jẹ́ sípíkà óòmù 8 ni, ó di 9.

Pẹ̀lú ṣájà láptọ́ọ̀pù tó ń gbé fóòtì 19 jáde, 361 pín sí 8, bíi 45 lórí óòmù 4, bíi 22 lórí óòmù 8. Pẹ̀lú fóòtì 24 lórí óòmù 8, 36. Ìṣírò kan náà ló máa sọ fún yín ìdí tí wọ́n fi kọ wáàtì 3 sára ṣípù PAM8403 kékeré tó ń lo fóòtì 5: 25 pín sí 8 ni. Ìyẹn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣírò yìí bá àwọn bọ́ọ̀dù wọ̀nyí mu torí ọ̀nà méjèèjì tó lọ sí sípíkà ló ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀kan ṣe ń tì lọ ni èkejì ń fà bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí èyí, torí ó máa padà wá níwájú.

Èwo ni kí ẹ rà?

Fún báfù kékeré orí tábìlì tí USB máa gbé, PAM8403 tó, kò gbọdọ̀ kọjá fóòtì 5.5. Fún bátìrì ọ̀kadà tàbí ti ọkọ̀, TPA3110 tàbí TPA3118 dára, TPA3118 kò nílò rádíátọ̀ lórí torí abẹ́ bọ́ọ̀dù ló ń tú ooru rẹ̀ sí. TPA3116 ni kí ẹ mú tí ẹ bá fẹ́ lo fóòtì 19 sí 24, ó ní rádíátọ̀ tirẹ̀ lórí, ó lè gbé wáàtì 50 lọ́nà méjì sórí óòmù 4 tí fóòtì bá jẹ́ 21, ṣùgbọ́n ní ibi tí ohùn ti ń ya díẹ̀ ni wọ́n ti ka 50 yẹn. Lókè ìyẹn, TDA7498E wà tó ń gba fóòtì 14 dé 36, TPA3255 sì wà tó lè kọjá 50. Èmi ò ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ìyẹn, ìpèsè iná rẹ̀ nìkan lè gbówó ju gbogbo báfù lọ, fóòtì 50 sì tó láti ta èèyàn tí omi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjà, Faransé ni wọ́n máa ń fi dárúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ ní ẹ fẹ́ "ampli", "condensateur", "fusible", "étain" tó jẹ́ léèdì, "fer à souder" tó jẹ́ irin tí a fi ń yọ́ ọ, wọ́n á dá yín lóhùn kíákíá. Tí ẹ bá ti gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn kọ̀ńdáńsátọ̀ ńlá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá rí 25V, fóòtì 19 ni kí ẹ fi mọ sí. Tí ẹ bá rí 35V tàbí 50V, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ wo rádíátọ̀ náà, ṣé ó jókòó gbọọrọ sórí ṣípù àbí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí mo ti rí èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lásán lẹ̀ mọ́ ọn.

Iná: ibi tí mo ti jìyà

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa. Ẹbí wa kan ṣe ìkómọ, ilé náà ní sólà, bátìrì méjì fóòtì 12 tí wọ́n so tẹ̀ léra di 24. Mo wo ìwé TPA3116, fóòtì 4.5 dé 26, mo ní 24 wà nínú ẹ̀, mo so ó. Lálẹ́ ó dún, ó dùn, gbogbo èèyàn yọ̀. Ìyàwó ilé ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Ó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, oòrùn ti ràn, ohùn kàn dákẹ́. Mo pa á, mo tún tan án, ó dún díẹ̀, ó tún dákẹ́, ìgbà kẹta ni kọ̀ńdáńsátọ̀ kan bú gbàù nínú àpótí lójú gbogbo àlejò. Mo fi mítà wo bátìrì, ó lé ní fóòtì 28! Kò sí ohun tó ṣe é, sólà ló ń kún bátìrì, bátìrì fóòtì 24 tó ń gba iná sínú kì í dúró ní 24, ó ń gun 28 àti díẹ̀. Ṣípù gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ là, ìdákẹ́ yẹn nìyẹn, ṣùgbọ́n kọ̀ńdáńsátọ̀ 25V tó wà lára bọ́ọ̀dù yẹn ò lè gbé e. Èmi ni mi ò wò ó.

Torí náà: bátìrì fóòtì 12 kan, kódà nígbà tí sólà ń kún un tó dé 14.5, kò séwu. Bátìrì 24 lórí sólà, ẹ má so TPA3116 mọ́ ọn tààrà, ẹ lo TDA7498E, tàbí ẹ wá ohun tó máa sọ fóòtì náà di 19. Páńẹ́ẹ̀lì sólà fúnra rẹ̀, ẹ má so ó láìsí bátìrì láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní fóòtì 12 máa ń tó 21 tàbí 22 nígbà tí kò gbé nǹkan kan, tó bá sì gbé nǹkan ó lè já wálẹ̀ lójijì. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, mẹ́ta tẹ̀ léra jẹ́ 12.6 tó bá kún, mẹ́fà jẹ́ 25.2, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró, méje á di 29.4.

Ẹni tí iná SBEE (ilé iṣẹ́ iná Bẹ̀nẹ̀) bá ń wà nílé rẹ̀ dáadáa, ṣájà láptọ́ọ̀pù àlòkù ló rọrùn jù. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 19V 3.42A tàbí 4.74A sí, wáàtì 65 àti 90 nìyẹn.

Ẹ fi fíúsì sí orí wáyà pupa, áńpíà 5 tó, ti ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ méjì tó rí pẹlẹbẹ yẹn, kí ó wà nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe nítòsí bọ́ọ̀dù. Bátìrì ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ bá kanra lè dáná sunlé kí ẹ tó sáré dé ibẹ̀. Ẹ sì wo pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀mejì, púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù wọ̀nyí ò ní ohun tó ń gbà wọ́n tí ẹ bá yí i padà, lẹ́ẹ̀kan náà ló máa kú.

Ìdánwò kí ẹ tó so sípíkà

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá gílóòbù ọkọ̀, èyí tí í ṣe fóòtì 12 wáàtì 21, ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Ẹ fi sí ojú ọ̀nà wáyà pupa, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé bọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá ń lo fóòtì 19 tàbí 24, ẹ mú gílóòbù ọkọ̀ ẹrù tó jẹ́ fóòtì 24. Ẹ tan án. Tí bọ́ọ̀dù bá dára, gílóòbù á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan bí kọ̀ńdáńsátọ̀ ṣe ń kún, á sì kú. Tó bá tàn tí kò sì kú, nǹkan kan ti kanra nínú bọ́ọ̀dù, gílóòbù yẹn sì ti gbé ooru tó yẹ kó jó o. Ẹ pa á, ẹ wá ibi tí léèdì ti kan ara wọn.

Tó bá kú, ẹ fi mítà sí fóòtì DC, ìyẹn ti iná bátìrì, ẹ wọ̀n láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ibi tí sípíkà máa wà. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tó bá jẹ́ fóòtì 1 tàbí 2, ẹ má so sípíkà yín o, á jó o. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n láti ẹsẹ̀ kan sí dúdú bátìrì, lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ẹ máa rí bíi ìdajì fóòtì tí ẹ fún un, 6 tí ẹ bá fún un ní 12. Ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo ní kí ẹ rántí lókè nìyẹn. Ẹsẹ̀ sípíkà méjèèjì ló ní iná, kò sí èyí tó jẹ́ dúdú bátìrì. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ àwọn èèyàn máa ń so dúdú gbogbo sípíkà pọ̀ mọ́ irin ọkọ̀. Níbí, ẹ má ṣe é láé. Ẹ má so dúdú ọ̀tún pọ̀ mọ́ dúdú òsì, ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí kan irin àpótí, ẹ má sì fi áńpílì yìí gbé ihò etí fóònù, torí ibẹ̀ dúdú kan ṣoṣo ló wà fún etí méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ pa ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan fún sípíkà bàásì, ẹ ra bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ ara yín so ẹnu méjèèjì papọ̀.

Wáyà

Wáyà tín-ín-rín máa ń jẹ agbára yín láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú wáyà bàbà 0.2 mm², kí sípíkà jìnnà tó mítà 5, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 10, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó óòmù 0.9. Lójú óòmù 4, bíi ìdá kan nínú mẹ́fà agbára ló ń móoru lórí wáyà. Tí ẹ bá lo 1.5 mm², irú èyí tí wọ́n ń lò fún iná ilé, ó já sí óòmù 0.12 péré. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà kí ẹ tó rà á, tó bá funfun nínú, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, kì í gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń ṣẹ́.

Wáyà tó ń mú orin wọlé yàtọ̀, ìyẹn kò nílò kó nípọn, ohun tó nílò ni aṣọ bàbà tó yí i ká kí ariwo má bàa wọlé. Ẹ gbé e jìnnà sí kọ́ìlì àti wáyà sípíkà. Bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn sókè sódò, 10k sí 50k (k ni ẹgbẹ̀rún óòmù), kí ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ A sí nínú èyí tó ń ti Ṣáínà wá, torí B máa ń sáré jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ báyìí ilé á ti mì.

Tí ẹ bá gbọ́ ṣáá-ṣáá nígbà tí orin ò dún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé ìfẹ̀sókè bọ́ọ̀dù náà (bó ṣe ń sọ ohùn tó wọlé di ńlá tó) ga jù. TPA3116 ní ipò mẹ́rin, 20, 26, 32 àti 36 dB, rẹ́sísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́nà) kékeré méjì lára bọ́ọ̀dù ló ń yàn án. Fún fóònù, 26 ti tó, 20 gan-an ń ṣe é lórí bátìrì 12.

Bulutúùtù àti ariwo "íííí"

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ Bulutúùtù báyìí. Ẹ ra ọ̀kan kékeré, ẹ fún un ní fóòtì 5 láti inú bátìrì kan náà, ẹ tan án, ariwo "íííí" àti "kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́" á gba gbogbo ilé. Kì í ṣe pé Bulutúùtù náà bàjẹ́. Dúdú rẹ̀ ti lọ sí bátìrì lọ́nà méjì, kan láti ibi tó ti ń jẹun, kan láti wáyà orin, ìdọ̀tí iná sì ń yípo nínú òrùka yẹn. LM2596 tí wọ́n máa ń tà fún yín láti sọ 12 di 5 kò lè tọ́jú ìyẹn, torí dúdú àwọlé àti àjáde rẹ̀ ọ̀kan náà ni. Ohun tó ń wò ó sàn ni ohun kékeré dúdú kan tí wọ́n kọ B0505S-1W sí, ó gba fóòtì 5, ó mú fóòtì 5 jáde, ṣùgbọ́n wáyà kankan kò so méjèèjì pọ̀ nínú. Ó ń gbé 200 mA, ìdá kan nínú márùn-ún áńpíà, ó pọ̀ ju ohun tí Bulutúùtù kékeré ń jẹ lọ. Ẹ fi LM2596 ṣíwájú rẹ̀, òun á tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá rí i rà, kí ó fi bátìrì fóònù àtijọ́ tirẹ̀ gbé Bulutúùtù náà lọ́tọ̀, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń gba fóòtì 3.7, ariwo á dákẹ́ wẹ́rẹ́.

Tí bàbá ń gbọ́ rédíò AM nínú yàrá kan náà, ẹ gbé báfù jìnnà sí i. Ṣíṣí-títì ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 yẹn, ìlọ́po méjì rẹ̀ àti mẹ́ta ń bọ́ sí 800 àti 1200, àárín rédíò AM gan-an nìyẹn. Ẹ lọ́ wáyà sípíkà méjèèjì mọ́ra bíi okùn, ẹ gé e kúrú, á dínkù.

Nínú àpótí

Ẹ má ti bọ́ọ̀dù mọ́ inú ihò kan náà pẹ̀lú sípíkà, ooru ò ní ríbi jáde, afẹ́fẹ́ sípíkà á sì máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ ya yàrá kékeré fún un lẹ́yìn, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ àti sókè kí ooru lè gun. Lákòókò ọyẹ́, eruku Kétu pupa wa yìí á wọ gbogbo ibẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wínńdò bo ihò náà.

Bátìrì fóòtì 12, 7Ah (áńpíà 7 fún wákàtí kan), tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré kó má bàa tètè kú, bíi wáàtì 42 fún wákàtí kan ló wà nínú ẹ̀. Orin kì í dúró lórí òkè ní gbogbo ìgbà, bí gbogbo rẹ̀ bá ń jẹ wáàtì 6 lápapọ̀, ẹ máa gbọ́ orin fún wákàtí 7.

Wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò ó, ẹ fọwọ́ kan rádíátọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Tí ẹ bá lè fọwọ́ lé e kí ẹ sì ka márùn-ún láìyọ ọ́, ó dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú túnúvísì (irin tí a fi ń dè ìṣó onílílọ́), ẹ tún gbogbo ibi tí ẹ ti dè wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù dè, torí bàbà tó ní okùn púpọ̀ máa ń sún lábẹ́ ìdè, èyí tó bá ti dẹ̀ níbi iná àwọlé ló máa ń móoru tí ṣiṣu ibẹ̀ á fi yọ́.